Ulvön: ọjọ́ márùn-ún ní erékùṣù tí ilẹ̀ ti ń dìde

Ọjọ́ Ajé, 18 oṣù Kẹjọ

Ọkọ̀ fi wá sílẹ̀ lónìí. Kí n má purọ́, èmi ni mo jẹ̀bi. Àkókò ọkọ̀ ti ìgbà ooru ni mo ń wò lórí fóònù, mi ò kíyè sí i pé wọ́n ti yí i padà lẹ́yìn tí ìsinmi parí. Nígbà tí bọ́ọ̀sì máa fi já wa sí èbúté Köpmanholmen, ìdí ọkọ̀ nìkan la rí lọ́ọ̀ọ́kán, ó ń kéré lọ lójú omi. Àbúrò mi obìnrin, tó wá kí mi láti Lọ́ńdọ̀nù, wo ọkọ̀, ó wo èmi náà. Ó ní, "Bọ̀dá mi, ẹ̀yin kọ́ lẹ sọ pé ní Sweden, ọkọ̀ kì í dúró de ẹnì kankan?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní, "Ẹ mọ̀ ọ́n nígbà náà."

A rí yàrá sùn sí. Ọbẹ̀ inú agolo la jẹ.

Ulvön là ń lọ. Erékùṣù méjì ni, ọ̀kan ní àríwá, ọ̀kan ní gúúsù, tóóró omi kan ló là wọ́n láàrin. Etíkun tí wọ́n ń pè ní Höga Kusten ni wọ́n wà, ìyẹn Etíkun Gíga. Kò sí afárá tó dé ibẹ̀. Àwọn tó ń gbé ibẹ̀ nígbà òtútù kò tó ọgọ́rùn-ún ènìyàn.

Ẹni tó bá bi mí pé kí ló gbé ọmọ Ayétòrò, ìlú etí òkun ní Ìlàjẹ, dé irú ibẹ̀, ìdí méjì ni mo ní. Àkọ́kọ́ ni pé ìlú Gävle ni mo ń gbé láti ọdún mẹ́sàn-án, àwọn apẹja Gävle ló sì ń ṣíkọ̀ lọ sí Ulvön lọ́dọọdún láyé àtijọ́, ọ̀nà tó ju kìlómítà 250 lọ lójú omi, pẹ̀lú ìgbòkun àti àjẹ̀. Ìdí kejì, ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ni. Ó máa dé tó bá yá.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 19 oṣù Kẹjọ

Lónìí, wákàtí kan kí ọkọ̀ tó lọ la ti wà ní èbúté. Àbúrò mi ló jí mi.

Ọkọ̀ náà kọ́kọ́ yà ní Trysunda, erékùṣù kékeré kan tí ilé rẹ̀ tò yí ibi ìgúnlẹ̀ ká bí ìgbà tí wọ́n bá jókòó yí abọ́ oúnjẹ ká. Ọkùnrin kan sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú ajá àti ẹ̀rọ ìfọṣọ. Lẹ́yìn náà a kọjú sí ìta gbangba. Omi òkun yìí, mi ò tíì gbà á ní òkun tán látọjọ́ tí mo ti dé orílẹ̀-èdè yìí. Iyọ̀ tó wà nínú rẹ̀ níbí kò ju bí ìdá kan nínú mẹ́fà iyọ̀ òkun wa lọ. Ẹ tọ́ ọ wò, ẹ máa rò pé ẹnì kan gbàgbé láti fi iyọ̀ sọ́bẹ̀ ni. Kò tún ní ìgbì tó ń bú bí ti Atlantic, kì í fà kì í kún bí ti ilé. Àbúrò mi ní, "Ọ̀sà ni èyí." Mo ní kó má jẹ́ kí wọ́n gbọ́ ọ.

Ulvöhamn ni orúkọ abúlé tó wà ní èbúté. Títì kan ṣoṣo ló ní, ó sì lọ gbọọrọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ omi. Lápá kan títì, ilé àwọn ènìyàn. Lápá kejì, lórí omi gan-an, ni àwọn tí wọ́n ń pè ní sjöbod: ilé pákó tí wọ́n kùn ní pupa, tí wọ́n ń kó àwọ̀n, àgbá àti ọkọ̀ sí. Ẹsẹ̀ ilé náà wà nínú omi, ojú ilẹ̀kùn rẹ̀ kọ sí òkun, kí apẹja lè já ẹja láti inú ọkọ̀ sínú ilé láìfẹsẹ̀ kan ilẹ̀. Nígbà tí mo rí i, ọkàn mi lọ sílé tààrà. Bí wọ́n bá fi igi àgbọn díẹ̀ kún un, tí wọ́n sì kan páànù sí i lórí, Ìlàjẹ ni.

Mọ́tò ò pọ̀ níbẹ̀. Alùpùpù ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí wọ́n kan pákó ẹrù mọ́ níwájú ni wọ́n ń gùn. Òun ni ìyá onílé wa gbé wá pàdé wa. Ìyá náà ti lé ní ọgọ́rin ọdún. Ó kó báàgì wa sórí pákó, ó ní kí àbúrò mi gun orí báàgì, kí èmi máa sáré bọ̀ lẹ́yìn.

Ọ̀rọ̀ orúkọ tún dé. Níbí, àgbà àti ọmọdé, ọ̀gá àti ọmọṣẹ́, orúkọ ni wọ́n ń pe ara wọn. Láti nǹkan bí ìparí àwọn ọdún 1960 ni wọ́n ti pa "ẹ̀yin" tì. Ìyá náà ní kí a máa pe òun lórúkọ. Mo gbìyànjú ẹ̀ẹ̀mejì, ahọ́n mi kọ̀. Àbúrò mi ò tiẹ̀ gbìyànjú rárá, "Màmá" ló ń pè é, ó sì tẹ orúnkún díẹ̀ nígbà tó ń gba kọ́kọ́rọ́. Ìyá náà bi mí ní èdè Swedish bóyá orúnkún ló ń dùn ún.

Ní ọ̀sán a lọ wo ṣọ́ọ̀ṣì àtijọ́. Àwọn apẹja Gävle ló kọ́ ọ ní 1622. Lóde, ẹ lè kọjá lára rẹ̀ kẹ́ ẹ má bojú wò ó: ilé pákó kékeré, ó rí bí abà. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá ṣílẹ̀kùn, háà! Kò sí ibi tí ọwọ́ ayàwòrán ò dé. Ara ògiri, abẹ́ òrùlé, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n ya àwòrán inú Bíbélì sí, lórí igi náà tààrà. Roland Johansson Öberg ni orúkọ ẹni tó yà á, 1719 ló sì yà á. Àwọ̀ pupa rẹ̀ ti ń di àwọ̀ ilẹ̀ báyìí, ṣùgbọ́n ojú àwọn áńgẹ́lì ṣì là kedere. Ojú wọn sì jọ ojú ẹni tí mo mọ̀. Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé ojú àwọn apẹja ni: ẹ̀rẹ̀kẹ́ pupa, ojú tó kéré nítorí pé ó ti ń wo ìtànṣán oòrùn lójú omi láti kékeré.

Ọdún méjì péré lẹ́yìn tí Öberg ya àwòrán yẹn, ní 1721, ni àwọn ọmọ ogun Rọ́ṣíà wá fi iná jó etíkun yìí, láti ìlú dé ìlú. Sundsvall jóná, Härnösand jóná. Ṣọ́ọ̀ṣì pákó yìí ṣì wà. Mo fọwọ́ kan igi rẹ̀ nígbà tí ẹnikẹ́ni ò wò mí.

Kí ẹ lè mọ irú ìrìn-àjò tí àwọn ará Gävle yìí ń rìn: nígbà tí yìnyín bá yọ́ tán lójú òkun, ilé á ṣí pátá. Ìyàwó, ọmọ, ìránṣẹ́, màlúù, ewúrẹ́, gbogbo wọn á wọ ọkọ̀. Wọ́n á lo ìgbà ooru níbí, wọ́n á fi ẹja sínú iyọ̀, wọ́n á wa àgbá ẹja padà sílé kí òtútù tó dé. Láti ìgbà ọ̀rúndún 16 ni wọ́n ti ń ṣe é. Wọ́n ní òfin èbúté tiwọn, wọ́n ní olórí tó ń dá ẹjọ́ níbẹ̀, wọ́n sì ń ṣẹ́ gègé lórí ibi tí oníkálukú máa dẹ àwọ̀n sí, kí ìjà má baà ṣẹlẹ̀. Àwa náà mọ ahéré ìpẹja. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ń kó gbogbo ilé rẹ̀ lọ sí ahéré ní ìgbà tí edé bá ń jáde. Ṣùgbọ́n mi ò rí i kó kó màlúù wọ ọkọ̀ rí.

Ọjọ́rú, 20 oṣù Kẹjọ

Òjò kọ́kọ́ rọ̀. A jókòó sínú ilé títí ó fi dá.

Lẹ́yìn náà, a fẹsẹ̀ rìn la erékùṣù kọjá lọ sí Sandviken, abúlé apẹja àtijọ́ tó wà lápá àríwá. Inú igbó ni ọ̀nà gbà, igi páìnì àti èso bílúbẹ́rì lọ́tùn-ún lósì. Wọ́n ní òfin kan ní Sweden, allemansrätten, pé ẹnikẹ́ni lè gba inú igbó onígbó kọjá, kó já èso igbó jẹ, bí kò bá ṣáà ba nǹkan jẹ́, tí kò sì sún mọ́ ilé onílé jù. Àbúrò mi ò gbà á gbọ́. Títí a fi dé ibẹ̀ ló ń wẹ̀yìn wò bóyá onílẹ̀ ń bọ̀, ètè rẹ̀ sì ti dúdú látàrí èso.

Sandviken rèé: àwọn ilé igi kéékèèké tí wọ́n ti di aláwọ̀ eérú, wọ́n tò sí ẹnu ìyawọ̀ omi kan. Àwọn tó wá ṣeré ló ń háyà wọn sùn nísinsìnyí. Ilẹ̀kùn wọn kéré, àfi kí n tẹ̀ba kí n tó lè yọjú wọ inú ọ̀kan. Ààrò wà ní igun, bẹ́ẹ̀dì pákó wà lára ògiri, ó kúrú débi pé mo bi ara mi bóyá ìjókòó ni wọ́n fi ń sùn.

Ibẹ̀ ni mo ti rí ohun tí mo wá wò.

Sjöbod kan wà níbẹ̀, ó ti gbó, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan ti tẹ̀. Ó kọjú sí omi gẹ́gẹ́ bí gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀, igi tí wọ́n fi ń fa ọkọ̀ gòkè sì wà níwájú ilẹ̀kùn. Ṣùgbọ́n omi ò sí níbẹ̀. Koríko ló wà níwájú rẹ̀, òdòdó eléwé wẹ́wẹ́, lẹ́yìn rẹ̀ òkúta róbótó-róbótó, ó tó ìṣísẹ̀ mọ́kànlélógún kí n tó kan omi. Mo kà á ẹ̀ẹ̀mejì. Ilé ọkọ̀ tó ń dúró de ọkọ̀ lórí ilẹ̀ gbígbẹ.

Ilẹ̀ ibí ń dìde ni. Láyé ìgbà kan, yìnyín tó nípọn tó bíi kìlómítà 3 ló jókòó lé gbogbo apá ibí yìí lórí. Ẹ mọ bí ọkọ̀ ẹrù ti ń ṣe: bí wọ́n bá di ẹrù kún un, ó máa rì mọ́lẹ̀ títí omi fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan etí rẹ̀, bí wọ́n bá ti ń já ẹrù, yóò máa léfòó bọ̀ sókè. Bí ilẹ̀ ibí ti ṣe nìyẹn. Yìnyín yọ́ ní nǹkan bí ẹgbàárùn-ún ọdún sẹ́yìn, wọ́n já ẹrù tán, ṣùgbọ́n ọkọ̀ ò tíì léfòó tán di òní. Mìlímítà 8 ló ń fi ròkè lọ́dọọdún. Kò sí ibi kankan láyé tí ilẹ̀ ti fi irú èyí ròkè ju ibí lọ látìgbà yìnyín. Lórí òkè Skuleberget, ní orí ilẹ̀ ńlá lọ́hùn-ún, ẹ lè rí àmì ibi tí etí òkun wà tẹ́lẹ̀: mítà 286 sókè. Igi wà lórí òkè náà bíi fìlà, ṣùgbọ́n ní ìsàlẹ̀ àmì yẹn, òkúta ìhòòhò ni, ìgbì àtijọ́ ti fọ erùpẹ̀ rẹ̀ lọ. Nítorí ọ̀rọ̀ yìí ni UNESCO fi kọ Höga Kusten mọ́ àwọn ibi àjogúnbá àgbáyé ní 2000, wọ́n sì fi àwọn erékùṣù Kvarken ti Finland kún un ní 2006.

Mìlímítà 8 kéré. Kò tó ìbú èékánná àtàǹpàkò mi. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ṣírò rẹ̀ láti 1622 tí wọ́n kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì, ó ti lé ní mítà 3. Ìyẹn ni pé bí apẹja tó kọ́ ọ bá jí lónìí, ibi tí ó so ọkọ̀ rẹ̀ mọ́ ti ga ju orí rẹ̀ lọ.

Àwọn apẹja ló kọ́kọ́ mọ̀, wọn ò dúró de ọ̀mọ̀wé. Wọ́n mọ̀ nípa síìlì, ẹran omi onírun tó máa ń gun àpáta láti yáàrùn. Àpáta tí síìlì ń gùn, dúkìá ni, wọ́n ń san owó orí lé e, wọ́n ń fi í jogún. Nígbà tó bá yá, àpáta á ga jù, síìlì ò ní lè gùn ún mọ́, ogún á sì bọ́. Anders Celsius, ọ̀mọ̀wé tí a fi orúkọ rẹ̀ ń pe ìwọ̀n ooru, gbọ́ ọ̀rọ̀ náà, ó lọ sí erékùṣù Lövgrund lẹ́bàá Gävle, ó sì gbẹ́ àmì sára òkúta kan ní 1731 kí àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn lè wọn bí omi bá ti sọ̀ kalẹ̀ tó. Omi ló rò pé ó ń dín kù. Kò mọ̀ pé ilẹ̀ ló ń lọ sókè. Àmì náà ṣì wà, ìlú mi ló wà, mo sì ti ń gbé níbẹ̀ ọdún mẹ́sàn-án láìlọ wò ó. Ojú tì mí díẹ̀.

Àbúrò mi ti jókòó sórí igi ìfakọ̀ yẹn, kò sọ̀rọ̀. Mo mọ ohun tó ń rò. 1947 ni wọ́n tẹ Ayétòrò dó, sí etí Atlantic. Òkun ti gbé ilé tí wọ́n bí èmi sí lọ. Ó gbé ilé tí wọ́n bí òun sí lọ lẹ́yìn rẹ̀. Màmá wa ti kó ilé sẹ́yìn ẹ̀ẹ̀mẹta, ìgbà kẹta náà, òru ni. Ibi tí mo ti ń gbá bọ́ọ̀lù ní kékeré, ọkọ̀ ló ń kọjá lórí rẹ̀ báyìí, ẹni tó wà nínú ọkọ̀ ò sì mọ̀.

Ó ní, "Ilẹ̀ tó pọ̀ báyìí, ọ̀fẹ́ ni wọ́n ń rí i." 

Mo ní ọ̀fẹ́ kọ́, èbúté wọn ló ń lọ. Bí omi bá ti ń jìnnà, apẹja gbọ́dọ̀ tún kọ́ sjöbod mìíràn níwájú, tàbí kó gbẹ́ ilẹ̀ èbúté jìn, tàbí kó fi abúlé sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ èbúté etíkun yìí ló ti di pápá.

Ó ní, "Bọ̀dá mi, ẹ jẹ́ kí wọ́n fún wa ní wàhálà yẹn, ká fún wọn ní tiwa."

Mi ò rí èsì fún un. A jókòó díẹ̀ sí i, òtútù lé wa padà.

Ọjọ́bọ̀, 21 oṣù Kẹjọ

Ọjọ́ ńlá dé. Ọjọ́bọ̀ kẹta oṣù Kẹjọ ni wọ́n máa ń ṣí surströmming ti ọdún, ìyẹn ẹja kíkan inú agolo. Láyé àwọn ọdún 1940, òfin ọba ló dé e pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ tà á ṣáájú ọjọ́ kan ní oṣù Kẹjọ, kí àwọn tó ń kánjú má baà ta èyí tí kò tíì kan tó. Wọ́n ti pa òfin náà rẹ́ ní 1998, ṣùgbọ́n àṣà ò gbọ́.

Ní àárọ̀ a gun Lotsberget, òkè tí àwọn atukọ̀ tó ń fọ̀nà han ọkọ̀ ńlá ti máa ń ṣọ́ òkun láyé àtijọ́. Ìran dára. Afẹ́fẹ́ pọ̀. A sọ̀ kalẹ̀.

Strömming tí wọ́n ń sọ yìí, ẹja tí gbogbo wa mọ̀ ni: ìbátan ṣáwá ni, ti òkun ibí ló kéré. Ẹ lọ sí ọjà èyíkéyìí ní Èkó, ẹ máa rí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nínú páálí ẹja dídì. Oṣù Karùn-ún àti Kẹfà ni wọ́n ń pa á, kó tó yé. Wọ́n á kọ́kọ́ rẹ ẹ́ sínú omi iyọ̀ líle fún ọjọ́ kan tàbí méjì kí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lè jáde. Wọ́n á gé orí rẹ̀, wọ́n á yọ ìfun, ẹyin rẹ̀ á wà nínú. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á dà á sínú àgbá pẹ̀lú omi iyọ̀ tí kò le, wọ́n á fi í sílẹ̀ kó kan. Ó gbà tó oṣù kan sí méjì. Ìgbà náà ni wọ́n á rọ ọ́ sínú agolo, kò sì ní ṣíwọ́ kíkan nínú agolo, tí agolo á fi wú bí ikùn ọmọ tó jẹ àjẹjù. Nítorí wíwú yẹn ni Air France àti British Airways fi kọ̀ ní 2006 pé àwọn ò gbé e lójú òfuurufú mọ́.

Kí ló dé tí wọn ò kàn fi iyọ̀ sí i bó ti yẹ? Owó ni. Omi òkun ibí kò níyọ̀ tó kí wọ́n sè é, oòrùn ò sì tó kí wọ́n sá a. Ìlú òkèèrè ni iyọ̀ ti ń wá, ó sì wọ́n. Ẹni tí kò ní owó iyọ̀ tó, á fi díẹ̀ sí i: ìwọ̀n tí ẹja ò ní fi jẹrà, ṣùgbọ́n tí yóò fi kan. Ẹni tó mọ bí irú ti ṣe dé inú ọbẹ̀ wa kò ní fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́.

Ìyá onílé gbé tábìlì síta, sí ibi tí afẹ́fẹ́ á ti máa gbá òórùn lọ sójú omi. Ó ní ilé òun ò gbọdọ̀ gbọ́ ọ. Ó gbé garawa omi wá, ó ti agolo bọ inú omi, ó dẹ̀ ẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó fi ohun tí wọ́n fi ń ṣí agolo gún un lábẹ́ omi. Omi hó gùdùgùdù. Fún bí ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta, nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀.

Lẹ́yìn náà òórùn dé. Kò yọ́ wá, ó fọ́ ilẹ̀kùn ni. Mo mọ òórùn ẹja. Inú òórùn ẹja ni wọ́n bí mi sí. Èyí kì í ṣe òórùn ẹja. Ẹyin tó bàjẹ́ wà nínú rẹ̀, bọ́tà tó ti pẹ́ wà nínú rẹ̀, nǹkan kan tún wà nínú rẹ̀ tó jọ bàtà ọmọ iléèwé nígbà òjò. Àbúrò mi ti wà lẹ́yìn ilé kí n tó yíjú. Ohùn rẹ̀ ni mo gbọ́: "Jésù! Bọ̀dá mi, òkú ni!"

Ìyá náà kò tilẹ̀ gbójú sókè. Ó mú ẹja kan, ó fi ọ̀bẹ là á níkùn, ó fi àtàǹpàkò tẹ ẹ̀yìn rẹ̀ láti ọrùn dé ìrù, eegun rẹ̀ jáde lódindi bí ìgbà tí wọ́n yọ òwú lára aṣọ. Ẹran rẹ̀ pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́, ó ń dán. Ó na bọ́tà sára búrẹ́dì pẹlẹbẹ, tunnbröd ni wọ́n ń pè é, ó tẹ́ pòtétò gbígbóná tí ó gé sí i, ó gé àlùbọ́sà wẹ́wẹ́ lé e, ó ya ẹja sí wẹ́wẹ́ sórí rẹ̀, ó fi wàrà kíkan díẹ̀ tọ́ ọ, ó ká a pọ̀, ó nà án sí mi. Kò bi mí bóyá mo máa jẹ ẹ́. Nílé tiwa náà, wọn kì í bi àlejò.

Mo jẹ ẹ́.

Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé òórùn àti adùn kì í ṣe ọmọ ìyá kan náà. Lẹ́nu, ó kan, ó níyọ̀, ó mú, pòtétò gba díẹ̀ níbẹ̀, àlùbọ́sà sì parí iṣẹ́. Mo gba ìkejì. Nígbà tí mo gba ìkẹta, àbúrò mi yọjú láti ẹ̀yìn ilé pẹ̀lú gèlè tó fi bo imú.

Ó jẹ díẹ̀ nígbẹ̀yìn. Ó jẹ ẹ́ bí ẹni tó ń gbé oògùn mì, ó mu mílíìkì lé e, ó dákẹ́. Lẹ́yìn náà ó lọ sínú ilé, ó mú ìgò kékeré kan jáde látinú báàgì rẹ̀. Irú gbígbẹ ni. Láti Peckham ló ti gbé e wá fún mi, tí kò tíì fún mi. Ó ṣí i, ó gbé e síwájú ìyá náà, ó ní kí n ṣe ògbufọ̀: "Ẹ sọ fún Màmá pé tiwa rèé."

Ìyá náà gbé e sí imú. Ó gbóòórùn rẹ̀ dáadáa, bí ẹni tó ń wo aṣọ tó fẹ́ rà. Ó tún gbé e sí imú. Ó ní, "Snäll." Ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń lò fún ọmọ tí kì í yọni lẹ́nu ni. Àbúrò mi bínú. Ọdún pípẹ́ ni àwọn aládùúgbò rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù ti ń kanlẹ̀kùn mọ́ ọn nítorí irú yìí, arúgbó kan wá jókòó sí etí òkun, ó ní ọmọ jẹ́jẹ́ ni.

Nígbà tí ilẹ̀ ń ṣú, ìyá náà sọ̀rọ̀ ẹja. Ó ní strömming ń wọ́n, èyí tí wọ́n sì ń rí ń kéré sí i. Àwọn ọkọ̀ ńlá tó ń wọ́ àwọ̀n lójú òkun ló ń kó o, púpọ̀ nínú rẹ̀ kì í sì í dé ẹnu ènìyàn: wọ́n ń lọ̀ ọ́ sí ìyẹ̀fun tí wọ́n fi ń bọ́ ẹja sámọ́ọ̀nù inú àgò. Àwọn tó ń ṣe surströmming ti ń pariwo pé àwọn ò rí ẹja tó. Ó fọwọ́ sí agolo òfìfo náà, ó ní ní ìgbà èwe òun, àgbá ni wọ́n fi ń kà á. Ó sọ ọ́ láìgbóhùn sókè. Mo sọ fún un pé bí wọ́n ti ń sọ ọ́ ní Ìlàjẹ náà nìyẹn nípa àwọn ọkọ̀ ńlá tó ń wá kó edé. Ó béèrè ibi tí Ìlàjẹ wà. Mo yà á fún un sórí tábìlì pẹ̀lú omi mílíìkì: èyí ni òkun, èyí ni ọ̀sà, èyí ni àwa, láàrin. Ó wò ó pẹ́. Ó ní, "Ilẹ̀ yín tẹ́ẹ́rẹ́."

Mo ní ó ti fẹ̀ rí.

Ọjọ́ Ẹtì, 22 oṣù Kẹjọ

Aṣọ tí mo wọ̀ lánàá wà nínú ọ̀rá méjì tí mo so lẹ́nu. Síbẹ̀, nínú ọkọ̀, obìnrin kan wò wá, ó rẹ́rìn-ín, ó sún sí ìjókòó iwájú.

Mo fi àwòrán sjöbod Sandviken ránṣẹ́ sí Màmá wa nílé lórí WhatsApp, mo sì ṣàlàyé pé ilẹ̀ ibẹ̀ ń ròkè, pé òkun ló ń sá fún ilé. Nígbà tí a dé Köpmanholmen ni ohùn rẹ̀ wọlé. Àbúrò mi gbé fóònù sáàrin wa ká lè jọ gbọ́. Ẹ̀rọ amúnáwá ń dún lẹ́yìn ohùn náà, ẹnì kan ń pe ewúrẹ́.

"Mo rí i," ni Màmá wí. "Mo fi han àwọn ará ilé. Ìyá Kékeré ní kí n bi yín, ṣé ẹni tó ni ilé yẹn ò fẹ́ tà á ni?"